Ohun Tí Kọ̀ǹkọ̀ Sọ ní Òkè-Ẹrẹ̀

Bí wọ́n bá ń pín ogún níbì kan, tí ẹnìkan sì dìde láàárín mọ̀lẹ́bí tó ní bàbá àwọn tó ti kú wá bá òun lójú àlá, pé òun ni kí wọ́n fún ní oko ìdí ọ̀pẹ, ẹ óò rí i tí àgbà kan á fa irùngbọ̀n rẹ̀, á sì wí wẹ́rẹ́ pé: "Kọ̀ǹkọ̀ ló ń ké, ẹni tó fẹ́ ilẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀." Àwọn àgbà yòókù á bú sẹ́rìn-ín. Àlejò tó bá wà níbẹ̀ á máa wo ẹ̀yìnkùlé, bóyá odò kan wà nítòsí. Kí ló kan kọ̀ǹkọ̀ nínú ọ̀ràn ogún? Ilẹ̀ wo, ta ló sì fẹ́ ẹ? Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Òwe náà ní ìlú tó ti wá, ó sì ní obìnrin tó ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Òkè-Ẹrẹ̀ ni wọ́n ń pe ìlú náà. Òkè ni ilé wà, ìsàlẹ̀ ni ẹrẹ̀ wà, bí ènìyàn bá sì pariwo níhìn-ín, wọ́n á gbọ́ ọ lọ́hùn-ún. Nítorí náà kò sí ẹni tó dàgbà níbẹ̀ tí kò gbọ́ èdè kọ̀ǹkọ̀. Níbòmíràn, wọ́n á ní kọ̀ǹkọ̀ ń ké, ó parí. Ní Òkè-Ẹrẹ̀, bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á bi yín pé irú igbe wo? Bí ọ̀kan ṣoṣo bá lúgọ sábẹ́ ìkòkò omi, tó ń dún lábẹ́lẹ̀ bí ìyàwó tí inú ń bí, wọ́n ní ó ń kùn. Kò sì sí ìtumọ̀ nínú kíkùn rẹ̀ ju pé ibẹ̀ tutù, ara sì tù ú. Bí akọ ńlá bá wú ọ̀fun, tó ń dún gbọ̀ǹgbọ̀n bí agbè òfìfo, ó ń pe aya nìyẹn. Bí ejò bá gbá a mú lẹ́sẹ̀, igbe rẹ̀ á dà bí ti ọmọ ọwọ́. Híhan ni wọ́n ń pe èyí, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ kì í gbé ẹsẹ̀ kejì síwájú. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí gbogbo wọn bá fọhùn lẹ́ẹ̀kan náà bí ìkòkò ńlá lórí iná, wọ́n ní wọ́n ń hó. Híhó yìí nìkan ni ìlú máa ń túmọ̀.

Ohùn mẹ́ta ni etí ń gbọ́ nínú rẹ̀: ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Rọ-rọ́-rọ̀. Rọ-rọ́-rọ̀. Àwọn baba ńlá wọn ti fi ọ̀rọ̀ sí i tipẹ́: Ẹ túlẹ̀. Ẹ túlẹ̀. Ó bá ohùn náà mu bí ọmọrí ṣe ń bá ìkòkò mu. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì òjò àkọ́rọ̀, tọmọdé tàgbà a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí bèbè ẹrẹ̀. Olùtúmọ̀ á gbé ọwọ́ sí ẹ̀yìn etí, á tẹ́tí, á ní, "Wọ́n ní ẹ túlẹ̀!" Ìlú á hó yèè, oníkálukú á sì gbé ọkọ́ lọ sí oko. Ìdílé kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ ìtúmọ̀ yìí láti ìran dé ìran, kò sì sí ẹni tó jowú wọn. Kí ló le nínú kí ènìyàn máa sọ ohun kan náà lọ́dọọdún?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wa yìí ṣẹlẹ̀, Ọ̀tún Oyèéṣínà ni olùtúmọ̀. Ọkùnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ wúwo, oko rẹ̀ sì gba orí òkè lọ salalu. Àmọ́ òkúta pọ̀ nínú rẹ̀, bí ọyẹ́ bá sì ti fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ilá rẹ̀ a di igi ìdáná.

Nísàlẹ̀, nínú ẹrẹ̀, ni opó kan tó ń jẹ́ Àwẹ́ró ti ń dáko. Àlàó ọkọ rẹ̀ ni àbígbẹ̀yìn ilé wọn. Kí ó tó tó ilẹ̀ í gbà, àwọn ẹ̀gbọ́n ti pín ilẹ̀ gbígbẹ tán, ẹrẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fojú rere wò ni wọ́n nà sí i. Àwọn ará ìlú fi òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè wọ́n ní tọkọtaya ọ̀pọ̀lọ́. Ọdún méje ni wọ́n fi la ojú ọ̀nà fún omi, tí wọ́n ń wọ́ ẹrẹ̀ jọ di ebè. Àwẹ́ró ru amọ̀ lórí, ó ru oyún nínú. Ní ọdún kẹjọ ni ilẹ̀ náà dá wọn lóhùn. Ó di àkùrọ̀ tí kì í mọ ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí gbogbo oko òkè bá ti pọ́n, tẹ̀tẹ̀ Àwẹ́ró á máa dán, àgbàdo rẹ̀ á sì máa yọ irùkẹ̀rẹ̀. Ọdún kẹsàn-án ni Àlàó ṣàìsàn ọjọ́ mẹ́ta, ó sì kú. Ó fi ọmọbìnrin méjì sílẹ̀ fún un, àti àkùrọ̀ náà. Bí àkùrọ̀ bá lọ, kò sí ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò jẹ. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀ kò gba ọkọ́, Àwẹ́ró sì ń ro.

Ní ọdún yẹn kan náà, ẹ̀ẹ̀rùn pẹ́ títí. Oyèéṣínà ránṣẹ́ pe Àwẹ́ró sí ìloro ilé rẹ̀ lójú àwọn àlejò rẹ̀.

"Ìyàwó Àlàó," ó ní, "obìnrin kì í dá ní àkùrọ̀. Kó o yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi. Mi ò ní jẹ́ kí ebi pa ọ́, màá máa fún ọ ní èyí tó o máa jẹ níbẹ̀."

Àwẹ́ró kúnlẹ̀, nítorí àgbà ni. Ìkúnlẹ̀ nìkan ló sì kúnlẹ̀, kò wolẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣeun. Ohun tí mò ń jẹ tẹ́lẹ̀ náà ni ẹ fẹ́ máa fún mi. Ẹ jẹ́ kí n máa fi ọwọ́ ara mi bu ú."

Àwọn àlejò fi ọwọ́ bo ẹnu. Oyèéṣínà na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà fún un. Ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n dáadáa á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán.

Kò pẹ́ tí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ìlú wà ní bèbè, ọkọ́ léjìká, inú wọn ń dùn. Àwọn kọ̀ǹkọ̀ ń hó kíkankíkan. Oyèéṣínà gbé ọwọ́ sí ẹ̀yìn etí. Ó tẹ́tí títí, ó mi orí, ó tún tẹ́tí.

"Wọ́n ní," ó wí, "ẹ kúrò."

Oníkálukú dẹ etí sílẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣìwí. Rọ-rọ́-rọ̀. Ẹ kúrò. Rọ-rọ́-rọ̀. Ẹ kúrò. Háà! Ó bá ohùn mu! Ẹ̀yin náà ẹ fi ẹnu ara yín wí i: ẹ túlẹ̀, ẹ kúrò. Ibi tí ọ̀kan gbà gòkè ni èkejì gbà gòkè, ibi tí ọ̀kan gbà sọ̀ ni èkejì gbà sọ̀. Kò sí ẹni tó lè ní olùtúmọ̀ purọ́. Etí tó bá sì ti gbọ́ "ẹ kúrò" lẹ́ẹ̀kan, kí ló tún kù tó fẹ́ gbọ́?

Baálẹ̀ ìlú, bàbá arúgbó kan tó ní ọkàn rere ṣùgbọ́n tó bẹ̀rù àṣà, bèèrè: "Ọ̀tún, ta ni wọ́n ní kó kúrò?"

"Ta ló wà nínú ilé wọn, Baálẹ̀? Ta ló darí omi wọn, tó sọ ìyẹ̀wù wọn di ebè? Onílé ló ń lé àlejò. Kí obìnrin náà jáde. Èmi tí mo gbọ́ èdè wọn á máa bá wọn mójú tó ibẹ̀."

Baálẹ̀ wo Àwẹ́ró, ó sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Àwẹ́ró, ọmọ mi," ó ní, "ọjọ́ márùn-ún. Kó ohun tó o bá lè kó."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n Àlàó lóbìnrin, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́kọ, wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ó fẹ́ràn Àwẹ́ró. Ó jókòó, ó bú sẹ́kún kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó wa, má bá ará omi jà. Fi í sílẹ̀ fún wọn. Ìwọ àti àwọn ọmọ, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi, kó o máa bá mi ro ẹ̀kọ."

"Ẹ ṣé, Ìyá. Ewé tí a ó máa fi pọ́n ẹ̀kọ ńkọ́? Níbo ni ẹ ti ń já a?"

Ìyá Ẹlẹ́kọ nu imú. "Nínú àkùrọ̀ rẹ ni."

"Ẹ ò wá rí i pé ẹ̀yin náà ni wọ́n ń lé?"

Nígbà tí ìyá náà lọ tán, Àwẹ́ró kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, lọ́dọ̀ Ẹni tó ga ju Ọ̀tún lọ. Àdúrà rẹ̀ kò gùn. Ó ní, "Ìwọ tó dá kọ̀ǹkọ̀, tó o sì dá èmi, Ìwọ lo mọ ohun tó ń sọ. Bí Ìwọ bá ní kí n lọ, màá lọ. Ṣùgbọ́n bá mi sọ ọ́ ní èdè Àwẹ́ró." Ó dúró níbẹ̀ títí orúnkún fi ń ro ó. Kò gbọ́ ohunkóhun. Ó dìde, ó gbé ọkọ́ lé èjìká, ó sì lọ sí àkùrọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, ó kọ ebè tuntun. Ọjọ́ kẹta, ó kó ọmọ ilá láti orí ebè mìíràn wá gbìn sí i. Àwọn tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà á yà sínú igbó, wọn kò fẹ́ kí ojú àwọn àti tirẹ̀ ṣe mẹ́rin. Èyí kò dùn ún tó ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí etí òun fúnra rẹ̀. Bó ṣe ń ṣán ọkọ́ sílẹ̀, tí kọ̀ǹkọ̀ ń hó yí i ká, òun náà ń gbọ́ ọ: ẹ kúrò, ẹ kúrò. Kọ̀ǹkọ̀ tó ti bá gbé fún ọdún mẹ́sàn-án! Nígbà mìíràn á fi ẹrẹ̀ di etí méjèèjì, á sì máa ro lọ.

Ọjọ́ kẹrin ló ṣẹlẹ̀. Ó gbé ọkọ́ sókè, kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ kìíní wá, "kúrò" ló ń dún létí rẹ̀, kò tíì fetí sí ọ̀rọ̀ kékeré tó ṣáájú rẹ̀. Ó tún un wí jẹ́jẹ́ fún ara rẹ̀: "Ẹ... ẹ kúrò... ẹ." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Òun nìkan, láàárín ẹrẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún, òjò ṣú. Oyèéṣínà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú alágbàṣe mẹ́rin tí wọ́n gbé ọkọ́ dání. Baálẹ̀ ń tẹ̀lé wọn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ìlú sì ń tẹ̀lé Baálẹ̀. Àwẹ́ró dúró sí àárín àkùrọ̀ rẹ̀, ẹrẹ̀ mù ún dé orúnkún. Baálẹ̀ àti àwọn ènìyàn dúró sí bèbè, ṣùgbọ́n Oyèéṣínà gun orí ebè tuntun náà, ó tẹ àwọn ọmọ ilá náà mọ́lẹ̀.

"Àwẹ́ró, jáde!"

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ o. Mo ti kúnlẹ̀, ẹrẹ̀ ni kò jẹ́ kí ẹ rí i."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì tètè fi ikọ́ bò ó.

"Kì í ṣe ọjọ́ àwàdà," ni Oyèéṣínà wí. "O gbọ́ ohun tí wọ́n sọ."

"Mo gbọ́ ọ. Wọ́n tún ń sọ ọ́ báyìí. Ẹ ní 'ẹ kúrò' ni, àbí?"

"Ẹ kúrò ni."

"Ta ni wọ́n ń bá wí, Bàbá?"

"Ìwọ ni!"

"Èmi nìkan?"

"Ìwọ nìkan! Ta ló tún ń dáko níhìn-ín?"

Àwẹ́ró gbá ìdí ọkọ́ mọ́ ẹrẹ̀, ó fara tì í. "Baálẹ̀, ẹ bá mi dá sí i. Nígbà tí Ọ̀tún dé, 'jáde' ni wọ́n wí fún mi. Wọn kò ní 'ẹ jáde.' Ẹ̀yin fúnra yín, 'ọmọ mi, kó ohun tó o bá lè kó' ni ẹ wí. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wọ ìlú yìí, kò sí àgbà kan tó fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀ rí. Ìgbà wo ni kọ̀ǹkọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún mi? Àbí èmi ni mo bí wọn?"

Ẹ̀rín sọ láàárín èrò. Àwẹ́ró kò dúró kó lọ sílẹ̀.

"Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ń bá wí, 'kúrò' ni wọn ì bá wí. Ohùn méjì ni, kò ní jẹ́ mẹ́ta. Ẹni tí wọ́n ń fi 'ẹ' pè, àgbà ni. Olóyè ni. Ẹ bá mi wò yíká: àgbà wo, olóyè wo, ló wọ ilé wọn lọ́jọ́ òní láìkágò, tó gun wọn lórí ibùsùn?"

Gbogbo ojú yí sí Oyèéṣínà, níbi tó dúró sí lórí ebè. Àyándá, olórí àwọn alágbàṣe tó mú wá, kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó fi ọkọ́ ti ara rẹ̀ kó má baà ṣubú fún ẹ̀rín.

"Ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n ń bá wí!" Oyèéṣínà pariwo. "Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀!"

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní èmi nìkan ni, Bàbá, itọ́ ọ̀rọ̀ náà kò tíì gbẹ. Bó bá sì jẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, a jẹ́ pé kí gbogbo wa lọ di ẹrù. Igbe yìí ń wọ yàrá Baálẹ̀, ó ń wọ yàrá tiyín náà."

Baálẹ̀ gbé ọ̀pá sókè. Ó yíjú sí alágbàṣe náà. "Àyándá, ìwọ kò ní ilẹ̀ níhìn-ín, o kò sì wá a. Sọ òtítọ́. Kí ni ìwọ ń gbọ́?"

Àyándá họ orí. "Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. 'Ẹ túlẹ̀' ni mò ń gbọ́ o. Ṣùgbọ́n alágbàṣe ni mí. Ohun tí gbogbo ayé ń sọ fún mi náà nìyẹn."

"Èmi ń gbọ́ 'ẹ tún bọ̀,'" ni Ìyá Ẹlẹ́kọ wí láàárín èrò, ojú sì ń tì í. "Láti ìgbà tí mo ti ń tajà. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ṣe ń gbọ́ ọ."

Baálẹ̀ tẹ́tí sí ẹrẹ̀ fúnra rẹ̀. Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀díẹ̀. "Kí n má tan yín," ó ní, "mi ò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀. 'Ẹ gbé bọ̀' ni mò ń gbọ́."

Ẹ̀rín tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kọ̀ǹkọ̀ fi dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e, wọ́n rí i pé Àwẹ́ró kò bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ń rẹ́rìn-ín," ó ní, "ṣùgbọ́n ọjọ́ márùn-ún ni mi ò fi rí oorun sùn. Ẹ ti fẹ́ kó oúnjẹ kúrò lẹ́nu ọmọ méjì nítorí ohùn mẹ́ta. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti bá àwọn ẹ̀dá yìí gbé. Wọ́n ń pe aya, wọ́n ń bẹ̀rù ejò, wọ́n ń yọ̀ sí òjò Ọlọ́run. N kò tíì gbọ́ ọjọ́ kan tí wọ́n bèèrè ilẹ̀." Ó wo Oyèéṣínà lójú. "Kọ̀ǹkọ̀ ló ń ké, Bàbá. Ẹni tó fẹ́ ilẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ àkùrọ̀ mi, ẹ fi ẹnu ara yín bèèrè rẹ̀, kí n lè fi ẹnu ara mi sọ pé rárá."

Baálẹ̀ fi ọ̀pá kan ilẹ̀.

"Ọ̀tún, o gbọ́ ọ. Bèèrè."

Oyèéṣínà wo àwọn alágbàṣe rẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ó wo ẹrẹ̀. Kọ̀ǹkọ̀ kan kò fọhùn ràn án lọ́wọ́. Ohùn ńlá tí ìlú mọ̀ mọ́ ọn kò jáde. Èyí tó jáde kéré bí ti ẹni tí ebi ń pa.

"Mo fẹ́ ilẹ̀ náà," ó ní.

"Mo gbọ́ o, Bàbá," ni Àwẹ́ró wí. "Rárá."

Oyèéṣínà sọ̀ kalẹ̀ lórí ebè náà, ó rọra gbé ẹsẹ̀ kó má tún ilá mìíràn tẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Lójú gbogbo wọn, Baálẹ̀ kéde pé láti ọjọ́ náà lọ, kò sí olùtúmọ̀ mọ́ ní Òkè-Ẹrẹ̀; ẹni tí òjò bá rọ̀ sí oko rẹ̀, kó túlẹ̀, kó má dúró de ẹni tí yóò sọ ọ́ fún un. Ó sì ní kí wọ́n gbé oúnjẹ òun wá.

Àwọn tó wà níbẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ Àwẹ́ró kúrò ní ìlú náà. Ó gba ọjà kọjá, ó gba ilé àna kọjá, ó sì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin náà. Ọlọ́run Olódùmarè kò yadi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ó ń bá ẹ̀dá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Òun tó jẹ́ Baba àwọn aláìníbaba kì í rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ láti wá gba àwo lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá wá bá yín lọ́la, tó ní afẹ́fẹ́ sọ fún òun, òkú sọ fún òun, áńgẹ́lì tilẹ̀ sọ fún òun, pé ohun tí ẹ fi òógùn yín ṣe tọ́ sí òun, ẹ má bú u. Ẹ gbá ọkọ́ yín mọ́lẹ̀ ṣinṣin, kí ẹ fara tì í, kí ẹ sì wí fún un pé kọ̀ǹkọ̀ ló ń ké, ẹni tó fẹ́ ilẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.